Orúkọ méjì, list kan ṣoṣo

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àlájẹṣẹ́kù tí màmá mi ń dáwó sí ni wọ́n kọ́kọ́ fura. Wọ́n tún ìwé oṣù kẹta tẹ̀ jáde torí pé epo ti ta sí ti àkọ́kọ́, wọ́n wá rí i pé orúkọ Ìyá Sikírá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá Sikírá dáwó ní oṣù kẹta, gbogbo ìsọ̀ ló mọ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó yọwọ́ nínú ẹgbẹ́, torí wọ́n ń kó lọ bá ọmọ wọn ní Ìlọrin. Báwo ni ẹni tó kúrò lóṣù kẹrin ṣe wá pòórá nínú ìwé oṣù kẹta?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò. Ó ṣì wà ní yunifásítì, ó mọ Python, ìyẹn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, níwọ̀n. Wọ́n pè é, ó ní òun ò fọwọ́ kan oṣù kẹta rárá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí ọ̀rọ̀ owó bá dé láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà: ojú tí wọ́n fi ń wò ó yí padà. Ló bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, Python yìí ti ya wèrè.”

Python ni mò ń fi jẹun, n kò sì tíì rí ọjọ́ tó ya wèrè. Mo ní kó fi kóòdù náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó gùn, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo ti pààrọ̀ orúkọ àwọn ìyá náà, mo sì yọ àmì ohùn kúrò kó lè rọrùn láti tẹ̀:

```
osu_keta = ["Iya Bisi", "Iya Sikira", "Alhaja Elepo", "Iya Ibeji"]
osu_kerin = osu_keta
osu_kerin.remove("Iya Sikira")
print(osu_keta)
# ['Iya Bisi', 'Alhaja Elepo', 'Iya Ibeji']
```

Àkójọ tó wà láàárín [ ] yẹn ni Python ń pè ní list, .remove ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, print ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ìlà tó ní # níwájú sì ni èsì rẹ̀. Ìlà kejì ni kẹ́ ẹ bá mi wò. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà nígbà tó ń kọ ọ́ ni pé: mú àwọn tó wà lóṣù kẹta, da wọ́n kọ, kí o sì pe ẹ̀dà náà ní oṣù kẹrin. Ohun tí Python gbọ́ ni pé: list tó ń jẹ́ osu_keta yẹn, láti ìsinsìnyí lọ, ó tún ń jẹ́ osu_kerin. Python ní kò burú. Kò dá list tuntun kankan. Nígbà tí akọ̀wé wá yọ Ìyá Sikírá kúrò lábẹ́ orúkọ kejì, inú list kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n ti yọ wọ́n, òun náà la sì ń bá pàdé nígbà tí a bá pe orúkọ àkọ́kọ́.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń wọ́ wá. Wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí pé àpótí ni variable, ìyẹn orúkọ bíi osu_keta tí a ń lò nínú kóòdù, pé èèyàn ń kó nǹkan sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ èdè C lè gba èyí mọ́ra fún nọ́ńbà, torí níbẹ̀, int x ní àyè tirẹ̀ nínú mẹ́mórì, bí o bá sì sọ pé y = x, nọ́ńbà náà á di méjì, ọ̀kan nínú àyè kọ̀ọ̀kan. Ní Python, irọ́ ni. Kò sí àpótí. Nǹkan wà níbì kan, orúkọ sì wà níbòmíràn, orúkọ ń tọ́ka sí nǹkan. Tí mo bá láṣẹ lórí àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kìíní ni mo máa gba àpótí yẹn lọ́wọ́ wọn.

Òun fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún un. Bàbá rẹ̀ ní orúkọ tó ń pè é, èyí tó wà lórí ìwé yunifásítì rẹ̀ yàtọ̀, màmá mi ní tiwọn kì í pè é ní nǹkan kan yàtọ̀ sí Àkànní. Mo ní, “Tí màmá bá bu ẹ̀bà fún Àkànní, ta ló yó?” Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín, kó dá mi lóhùn. Ó ní òun náà ni. Mo ní ó dáa, ìlà kejì rẹ yẹn, ìsọmọlórúkọ lásán ni, o ò bí ọmọ kankan níbẹ̀.

Àmọ́ ọmọ ayé ìsinsìnyí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ó fẹ́ rí i. Python sì ní ohun tí èèyàn fi ń rí i:

```
>>> osu_kerin is osu_keta
True
>>> id(osu_kerin) == id(osu_keta)
True
```

Ìbéèrè tí is ń bi ni pé, ṣé ẹyọ kan náà ni? Ìbéèrè tí == ń bi ni pé, ṣé ohun tó wà nínú wọn bá ara mu? List méjì tó ní orúkọ àwọn ìyá mẹ́rin kan náà máa fún yín ní True lórí ==, ó sì máa fún yín ní False lórí is. Nọ́ńbà tí id ń mú jáde, nínú CPython, ìyẹn irú Python tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, àdírẹ́sì ibi tí nǹkan náà wà nínú mẹ́mórì ni. Ẹ má kàn fi nọ́ńbà kéékèèké dán is wò, ẹ máa rí ohun tó máa rú yín lójú: láti -5 títí dé 256, CPython ti dá wọn sílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan náà ló sì ń pín fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Láti Python 3.8, tí o bá kọ x is 5, ó máa kìlọ̀ fún ọ.

Ìdánwò yìí ló mú kó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bá já mi níbi tó dun mọ́ mi nínú.

“Àmọ́ Àǹtí, ti nọ́ńbà kì í rí báyìí.” Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi:

```
owo = 5000
gbese = owo
gbese = gbese - 2000
print(owo)
# 5000
```

Ó ní, ẹ wò ó, mo yí gbese padà, owo dúró síbi tó wà. Ṣé kì í ṣe pé Python da nọ́ńbà kọ, tí kì í sì í da list kọ? Àtakò tó dára nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń parí èrò sí pé òfin méjì ni Python ní. Òfin kan ni. Lẹ́yìn ìlà kejì yẹn, owo àti gbese jọ ń tọ́ka sí 5000 kan náà, bí osu_keta àti osu_kerin ṣe jọ ń tọ́ka sí list kan. Ìlà kẹta ló yàtọ̀. gbese - 2000 kò ṣe 5000 ní nǹkan kan. Kò sí ẹni tó lè yí 5000 padà, 5000 ni yóò máa jẹ́. Nọ́ńbà mìíràn ló mú wá, ìyẹn 3000, àmì = wá ká orúkọ gbese kúrò lára 5000, ó fi kọ́ ara 3000. owo ṣì wà lára 5000, kò gbọ́ nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi nígbàkígbà tí mo bá ń ka kóòdù ni pé, ṣé nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni ìlà yìí ń yí padà, àbí orúkọ ló ń ṣí kúrò lára kan lọ sára òmíràn? .remove, .append, .sort, osu[0] = báyìí, del osu[2], gbogbo wọn fọwọ́ kan nǹkan náà, gbogbo orúkọ tó ń tọ́ka sí i ló sì máa rí i. osu = báyìí ń ṣí orúkọ ni, kò kan ẹlòmíràn. Ìbéèrè yìí nìkan ti yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ ibiṣẹ́ mi ń gbé wá bá mi.

Ibi kan wà tó ń ṣi alára lọ́nà, ìyẹn +=. Ojú àkọ́kọ́, b += c àti b = b + c jọ ara wọn. Lórí list, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà:

```
a = ["Iya Bisi"]
b = a
b += ["Iya Ibeji"]
print(a)
# ['Iya Bisi', 'Iya Ibeji']

b = b + ["Alhaja Elepo"]
print(a)
# ['Iya Bisi', 'Iya Ibeji']
```

+= fi kún list tó wà nílẹ̀, a náà sì rí i. b + ... dá list tuntun, b sì ṣí lọ bá a, Alhaja kò dé ọ̀dọ̀ a. Ẹni tó bá lóye bí ègé kékeré yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, n kò ní bẹ̀rù láti gbé kóòdù owó lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì ń da ọmọ náà láàmú, ó sì ń da èmi náà láàmú títí mo fi ka kóòdù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìlà kejì yẹn ló fa gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí ìwé oṣù kìíní àti oṣù kejì kò fi ní ìṣòro? Wọ́n yọ èèyàn kúrò nínú àwọn oṣù yẹn náà. Fáìlì ló fà á. Ètò rẹ̀ ń fi gbogbo oṣù pamọ́ sínú fáìlì JSON kan, ìyẹn ọ̀nà kan láti kọ àkójọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. JSON kò mọ̀ pé orúkọ méjì ń tọ́ka sí list kan. Bó ṣe bá list náà pàdé lábẹ́ oṣù kẹta, ó kọ ọ́ sílẹ̀, bó tún ṣe bá a pàdé lábẹ́ oṣù kẹrin, ó tún un kọ látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pa ètò náà, tí wọ́n sì tún un ṣí, list méjì gidi ni Python máa kà wọlé. Àwọn oṣù ìṣáájú, akọ̀wé máa ń ṣí oṣù tuntun, wọ́n á pa kọ̀ǹpútà, ó di ọjọ́ ìpàdé kí wọ́n tó yọ ẹnikẹ́ni. Fáìlì ti bá wọn ṣe ẹ̀dà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Oṣù kẹrin nìkan ni wọ́n ṣí, tí wọ́n sì yọ Ìyá Sikírá kúrò ní ìjókòó kan náà, torí iná fẹ́ lọ, wọ́n fẹ́ parí iṣẹ́. Ọmọ náà ní tirẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá dán ètò náà wò nílé, á pa á, á tún un ṣí. Ibo ni ì bá ti rí i?

Irú àṣìṣe báyìí ló burú jù lójú mi. Èyí tó bá ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n á tètè rí i. Èyí tó ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ bá yá, kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé aláwọ̀ búlúù tí akọ̀wé ń fi bíró kọ gbogbo nǹkan sí, wọ́n kò fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti dé. Inú rẹ̀ la ti rí owó Ìyá Sikírá, kọ́bọ̀ kò dín.

Ṣíṣe ẹ̀dà fúnra rẹ̀ kò le. osu_keta[:] ni àwa àgbà máa ń kọ, àwọn mìíràn ń kọ list(osu_keta), láti Python 3.3 tó jáde lọ́dún 2012 sì ni list ti ní .copy() tirẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe ohun kan náà. Mo fẹ́ràn .copy() torí ẹni tó bá kà á mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọmọ náà fi .copy() sí i, ó ní, “Àǹtí, ó ti tán.” Mo ní kò tíì tán.

Ìdí ni pé orúkọ nìkan kọ́ ló wà nínú àkọsílẹ̀ wọn gan-an. Ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ list kékeré, orúkọ rẹ̀ àti owó tó dá. Tí oṣù tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ètò náà á sọ owó gbogbo wọn di òdo:

```
osu_keta = [["Iya Bisi", 5000], ["Alhaja Elepo", 10000]]
osu_kerin = osu_keta.copy()
osu_kerin[0][1] = 0
print(osu_keta[0])
# ['Iya Bisi', 0]
```

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún Ìyá Bísí wọlẹ̀ lọ. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí lórí fóònù. “Mo sì ṣe ẹ̀dà o!” Lóòótọ́ ló ṣe ẹ̀dà, osu_kerin is osu_keta ti di False. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè kan sí i:

```
>>> osu_kerin[0] is osu_keta[0]
True
```

Ohun tó ń gbé inú list kì í ṣe àwọn nǹkan náà fúnra wọn, àdírẹ́sì wọn ni. Lórí kọ̀ǹpútà 64-bit, àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 8, yálà ohun tó ń tọ́ka sí jẹ́ nọ́ńbà kan tàbí ìwé odindi. Iṣẹ́ tí .copy() ń ṣe ni pé ó ń da àwọn àdírẹ́sì yẹn kọ sínú list tuntun, ó sì parí síbẹ̀. Kò tẹ̀lé àdírẹ́sì kankan dé ilé. List òde ti di méjì, àwọn list kékeré inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òde méjèèjì ló sì ń pín wọn lò.

Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn ti máa ń sáré lọ gbé copy.deepcopy wá. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń tẹ̀lé gbogbo àdírẹ́sì dé ìsàlẹ̀, ó ń da ohun tó bá níbẹ̀ kọ, ó sì gbọ́n débi pé tí nǹkan kan bá fara hàn níbi méjì, ẹ̀ẹ̀kan ló máa dà á kọ. Ó ní àkọsílẹ̀ ohun tó ti rí, kó má baà yípo títí ayé nínú list tó gbé ara rẹ̀ mì. Síbẹ̀, n kì í fẹ́ rí i nínú kóòdù lásán. Ó lọ́ra, ó sì ń da ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó dà kọ kọ. Tí mo bá rí deepcopy mẹ́ta nínú fáìlì kan, ohun tí mo máa ń kà níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ orúkọ wo ló ń pín nǹkan wo lò, ẹ̀rù ló ń bà á. Fún ọ̀rọ̀ oṣù tuntun yìí, mo ní kó kọ ohun tó fẹ́ gan-an sílẹ̀:

```
osu_kerin = [[oruko, 0] for oruko, owo in osu_keta]
```

Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà níbẹ̀ rárá. A mú orúkọ, a fi òdo sí i, list kékeré tuntun fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn, tó jẹ́ string, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a kọ sáàárín àmì “ ”, ṣì jẹ́ ẹyọ kan náà ní oṣù méjèèjì, kò sì léwu, torí kò sí ohun tó lè yí string padà.

Mo rí nǹkan mìíràn nínú kóòdù náà tó jẹ́ ọmọ ìyá kan pẹ̀lú èyí. Ó ní function kan, ìyẹn ègé kóòdù tó ní orúkọ tí a fi ń pè é ṣiṣẹ́, tó ń tò orúkọ ní abídí kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì lo egbe.sort(). Nígbà tí o bá gbé list fún function, Python kì í ṣe ẹ̀dà fún function náà. Orúkọ inú function kàn di orúkọ mìíràn fún list tìrẹ. Ọ̀nà yìí ti pẹ́, èdè CLU tí Barbara Liskov àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní MIT láàárín ọdún 1970 sí 1979 ti ń lò ó, wọ́n pè é ní call by sharing, ìyẹn pípè pẹ̀lú jíjọ lò, orúkọ náà sì bá a mu. Bí function náà ṣe tò list tán, tò ó ló tò ó, ibi gbogbo ni. Ní ti kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó sọ owó nù. Ní ti ẹgbẹ́, wàhálà ńlá ni. Ipò tí àwọn ìyá wà nínú ìwé, bí wọ́n ṣe wọ ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè tí ẹ̀yáwó bá dé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ ìwé jáde, Alhaja Elépo máa ń dédé gorí Ìyá Bísí, kìkì torí pé A ṣáájú I. Mo gbọ́ pé Ìyá Bísí ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ fún bí oṣù méjì pé wọ́n ti ń fi òun dọ́gbọ́n. sorted(egbe) ló yẹ kó lò, òun máa ń dá list tuntun padà, kò ní fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́.

Àwọn yòókù mo kàn sáré kọjá lára wọn. Tábìlì ìjókòó ìpàdé tó kọ ní [[0] * 4] * 3, ọ̀wọ́ ìjókòó kan ṣoṣo ló pè ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Fi 1 sí ọ̀kan, á wà nínú gbogbo wọn. Kó kọ [[0] * 4 for _ in range(3)] dípò rẹ̀. dict.fromkeys(oruko, []), tó yẹ kó fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní list òfìfo, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, list kan ni gbogbo wọn jọ ń dì mú. Àti def gba_owo(oruko, akosile=[]), níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí Python ka def yẹn, ni list òfìfo yẹn di dídá, tí gbogbo ìpè lẹ́yìn náà sì ń kó nǹkan jọ sínú rẹ̀. Gbogbo wọn, ìtàn kan náà ni: ibi tí o rò pé ọ̀pọ̀ wà, ẹyọ kan ni.

Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó ṣe Python kò fi jẹ́ kí = máa ṣe ẹ̀dà, kí gbogbo ayé sinmi. Guido van Rossum kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀ nígbà tó gbé Python jáde lọ́dún 1991. Java, Ruby àti JavaScript náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn list tiwọn. Owó rẹ̀ ló pọ̀. List tó ní mílíọ̀nù kan nǹkan, àdírẹ́sì nìkan nínú rẹ̀ jẹ́ báìtì mílíọ̀nù mẹ́jọ. Tí a bá ń dà á kọ ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e fún function, kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Àwọn èdè kan gba ọ̀nà mìíràn. Ní PHP, tí o bá kọ $b = $a lórí array, ìyẹn list tiwọn, àfi bíi pé o ṣe ẹ̀dà; Swift náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kì í dà á kọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró títí ẹnì kan á fi gbìyànjú láti yí i padà. Mo ti lo PHP rí, n kò lè sọ pé ọ̀nà tiwọn burú. Ṣùgbọ́n Python ni ẹgbẹ́ yìí ń lò.

Ohun tó wá mú kí ojú rẹ̀ là pátá kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi, Python Tutor ni, irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Philip Guo ṣe. O máa lẹ kóòdù rẹ síbẹ̀, á máa ṣe é ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì ya àwòrán orúkọ sí apá òsì, nǹkan sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú ọfà láàárín. Mo ní kó lẹ ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn. Ní ìlà kejì, ọfà kejì yọ jáde láti ara osu_kerin, ó kọjá, ó lọ gún list kan náà. Ó dákẹ́. Ó tún yí i padà sí .copy() pẹ̀lú àwọn list kékeré inú rẹ̀, ó rí òde méjì tí ọfà wọn jọ ń pàdé nínú. Mo gbọ́ tó ń pe orúkọ Jésù.

Ọ̀nà tí a fi parí rẹ̀ ni pé oṣù tí ẹgbẹ́ bá ti fọwọ́ sí kò ní jẹ́ list mọ́, yóò di tuple, ìyẹn àkójọ bíi list tí a kò lè yí padà:

```
osu_keta = tuple((oruko, owo) for oruko, owo in osu_keta)
```

Tuple kò ní .remove, ẹni tó bá pè é yóò rí AttributeError lójú ẹsẹ̀, ìyẹn sàn ju kí orúkọ pòórá láìsí ariwo. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ náà ti di tuple. Tí a bá fi list sílẹ̀ sínú, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀:

```
>>> t = (["Iya Bisi", 5000],)
>>> t[0] += ["ti san"]
TypeError: 'tuple' object does not support item assignment
>>> t
(['Iya Bisi', 5000, 'ti san'],)
```

Ó pariwo pé kò ṣeé ṣe, ó sì ti ṣe é. Ohun tí a ti sọ nípa += ló wà níbẹ̀: ó kọ́kọ́ fi kún list inú, ìyẹn sì bọ́ sí i, lẹ́yìn náà ló wá fẹ́ dá a padà sí àyè rẹ̀ nínú tuple, tuple sì kọ̀ fún un. Ọmọ náà ní òun máa lọ fi èyí dán àwọn ọ̀rẹ́ òun wò. Mo mọ̀ pé yóò fi gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ohun kan ṣoṣo tí mo sọ fún un kó má fi ṣeré ni ti NumPy, àkójọ irinṣẹ́ Python fún ìṣirò, torí ó ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí pé [:] ni ẹ̀dà. Ní NumPy, kì í ṣe ẹ̀dà:

```
import numpy as np
owo = np.array([5000, 10000, 5000, 2000])
b = owo[:]
b[0] = 0
print(owo)
# [    0 10000  5000  2000]
```

b is owo máa sọ pé False, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń wo mẹ́mórì kan náà, np.shares_memory(owo, b) ni èèyàn máa fi mọ̀. Ìṣirò ńláńlá ni wọ́n ṣe NumPy fún, wọn kò sì fẹ́ kí gígé apá kan wò máa da ìdajì mẹ́mórì kọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà níbẹ̀, kó pe owo.copy() ní tààrà. pandas, irinṣẹ́ Python fún tábìlì tó dúró lé NumPy lórí, ti da àwọn èèyàn láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìkìlọ̀ SettingWithCopyWarning tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé òpin. Láti pandas 3.0, wọ́n ti yí i padà kó máa ṣe ẹ̀dà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ yí apá tó gé padà. Ó ní irú èwo ló wà lórí kọ̀ǹpútà yunifásítì àwọn. Mo ní kó tẹ pandas.__version__ kó wò ó kó tó kọ ìlà kankan.